R3 àbí R6: 2050 kan náà, owó ìyọkúrò ò dọ́gba

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́, ló bá ya fọ́tò ìwé 401(k) ẹ̀ méjèèjì (owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń tọ́jú fún òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́) sí mi lórí WhatsApp, torí èmi ni mo ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó nílé wa. American Funds 2050 Target Date Retirement Fund, ìyẹn àpò ìdókòwò fún àwọn tó máa fẹ̀yìn tì ní nǹkan bíi 2050, ló wà nínú méjèèjì, àmọ́ wọ́n kọ R3 sẹ́yìn ti ibi iṣẹ́ àtijọ́, wọ́n kọ R6 sẹ́yìn ti tuntun. Ṣé nǹkan kan náà ni? (Ará Wàńdò, Àjàṣẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ilé o, àbúrò. Owó méjèèjì, ojú kan náà ló ń lọ, ṣéà kan náà, bọ́ǹdì kan náà, àwọn tó ń darí ẹ̀ ò sì yàtọ̀. Owó tí wọ́n ń yọ lórí ẹ̀ ló yàtọ̀. R3 ń gbé owó kan tí wọ́n ń pè ní 12b-1 sórí, 0.50% lọ́dọọdún, ti àwọn tó ń ta á àtàwọn tó ń bójú tó o nìyẹn, R6 ò ní i rárá. Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, R3 á wà ní bíi 1%, R6 á wà ní bíi 0.4%. Kò sì síbi tẹ́ ẹ ti máa rí i pé wọ́n yọ ọ́ o, inú iye owó fund náà ni wọ́n ti ń gé e, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sùn lé e.

Ẹ jẹ́ ká ní 10,000 dollar ni ẹ̀gbọ́n yín ní, ó ń lé 6% lọ́dún kí wọ́n tó yọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ọdún 25, R6 á ti di bíi 39,000, R3 ò ní kọjá bíi 33,900. CNSS tiwa níbí, àjọ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì, owó oṣù àti ọdún iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣírò ohun tí èèyàn máa gbà, àmọ́ tọ̀hún, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni tiẹ̀.

Kó má tíì yọ̀ ṣá. Ibòmíì tó ní R6, wọ́n á tún máa yọ owó ìtọ́jú ìwé lọ́tọ̀. 0.6% tí R3 fi ju R6 lọ, lórí 10,000, 60 dollar ni lọ́dún, tí ibi tuntun bá wá ń yọ 15 dollar lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ọ̀kan náà ni wọ́n já sí. Tówó bá di 40,000 ni ọ̀rọ̀ á yí padà, R3 á ti máa fi 240 ju R6 lọ lọ́dún, 60 yẹn á sì wà níbi tó wà.

Ẹ má wo “since inception” (èrè látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀) o, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ class méjèèjì, ìyẹn R3 àti R6, ò pa pọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín kọ́ ló sì ń yan class, ilé iṣẹ́ ni, àwọn òṣìṣẹ́ Edison, ilé iṣẹ́ mànàmáná kan ní California, tiẹ̀ gbé irú ọ̀rọ̀ yìí dé Supreme Court, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá a ní 2015 pé àwọn alábòójútó gbọ́dọ̀ máa yẹ àwọn fund náà wò lemọ́lemọ́.

Tó bá fẹ́ kó ti àtijọ́ lọ sí tuntun, kó ní direct rollover lòun fẹ́, ìyẹn kí wọ́n fi owó náà ránṣẹ́ tààrà láti ti àtijọ́ sí tuntun, torí tí wọ́n bá fi owó yẹn lé e lọ́wọ́, wọ́n á kọ́kọ́ yọ 20% fún owó orí, ọjọ́ 60 péré ló sì ní láti dá gbogbo ẹ̀ padà, títí kan 20% yẹn. Kó kọ́kọ́ ya fọ́tò ìwé “fee disclosure” (ìwé tó ń sọ owó tí wọ́n ń yọ) ti ibi iṣẹ́ méjèèjì sí yín ná, ibẹ̀ lẹ máa rí owó ìtọ́jú yẹn.