Bọ́ọ̀lù tí ẹ gbà, ta lẹ fẹ́ gbé e fún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, kóòṣì. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ni mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù. Àwọn tí à ń bá pàdé lágbára jù wá lọ, ni mo bá ní kí gbogbo àwọn ọmọ wa máa dúró lẹ́yìn nínú 4-4-2 (mẹ́rin lẹ́yìn, mẹ́rin láàárín, méjì níwájú), ká máa fi káńtà mú àwọn alátakò, ìyẹn ká gba bọ́ọ̀lù ká sì yára kọlù wọ́n. Àmọ́ tó bá ti di ìṣẹ́jú 70 báyìí, ó ti rẹ àwọn ọmọ, wọ́n á sì gbá méjì, mẹ́ta wọlé wa. Ṣé ká bọ́ sí 5-4-1 ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fọwọ́ kan nọ́ńbà yẹn. Ohun tí mo rí fà yọ nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé bọ́ọ̀lù tí ẹ bá gbà kì í rí ibi lọ. Àwọn ẹ̀yìn yín á gbá a jù síwájú, kò ní bá ẹnì kankan níbẹ̀, àwọn alátakò á gbé e padà wá, ẹ ó tún máa sáré kiri. Eré asán yẹn ló ń tán àwọn ọmọ lókun.

4-4-2 yìí náà ni kóòṣì Claudio Ranieri fi gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Leicester City ní sáà 2015 sí 2016. Àmì 81 ni wọ́n kó, wọ́n fi 10 ju Arsenal tó ṣe ìkejì lọ. Wes Morgan àti Robert Huth, àwọn méjì àárín ẹ̀yìn, kò yá lẹ́sẹ̀, wọn kì í sì í jìnnà sí ojú ilé. Àwọn mẹ́rin àárín á sún mọ́ wọn pẹ́kípẹ́kí. N'Golo Kanté ló ń já bọ́ọ̀lù gbà. Danny Drinkwater ló ń gbé e síwájú, kíá. Jamie Vardy níwájú á ti gbéra.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa ni Shinji Okazaki, ìkejì Vardy níwájú. Góòlù 5 péré ló jẹ ní líìgì lọ́dún yẹn. Àmọ́ tí bọ́ọ̀lù bá ti wà lẹ́sẹ̀ alátakò, òun ló ń padà wá dúró ti ẹni tí wọ́n fi ń pín bọ́ọ̀lù láàárín, ni wọ́n á bá gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ju asáré lọ. Tí ẹ bá ní ọ̀kan, ẹ máa yìn ín lójú àwọn yòókù.

Nígbà tí wọ́n pàdé Liverpool ní oṣù kejì 2016, Riyad Mahrez ti Leicester wà ní ìdajì pápá Leicester nígbà tó gbé bọ́ọ̀lù gígùn kan síwájú. Vardy jẹ́ kó ta lẹ́ẹ̀kan, kò dá a dúró, ó gbá a láti òkèèrè kọjá lórí Simon Mignolet, gólì Liverpool. Káńtà nìyẹn: àyè wà lẹ́yìn àwọn alátakò, ẹni tó rí i wà, ẹni tó máa sáré síbẹ̀ náà wà.

Ní ti ẹni márùn-ún lẹ́yìn, Super Eagles ṣe é níbi ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà (AFCON) ní Côte d'Ivoire ní 2024. Lẹ́yìn tí wọ́n gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Equatorial Guinea, José Peseiro, kóòṣì wọn nígbà náà, fi Calvin Bassey kún Troost-Ekong àti Semi Ajayi láàárín ẹ̀yìn; àwọn méjì ẹ̀gbẹ́ á sì padà wá, wọ́n á di márùn-ún. Eré mẹ́rin tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni ò jẹ góòlù kan lọ́wọ́ wọn. Ẹ rántí ti Cameroon: Victor Osimhen já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn wọn, ó tì í fún Ademola Lookman, ó wọlé. Ṣùgbọ́n ní àṣekágbá, lẹ́yìn tí Ekong ti fi orí kan tiwa wọlé, a fà sẹ́yìn jù, Osimhen dá wà lókè, Côte d'Ivoire sì jẹ méjì. Ó ṣì ń dùn mí. Ohun tó ń ṣe yín gan-an nìyẹn, 5-4-1 nìkan ò lè wò ó.

Ẹ dúró sí 4-4-2. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ pín wọn sí mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹ má jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín ìlà ẹ̀yìn àti ti àárín kọjá ìṣísẹ̀ ńlá méjìlá. Bí wọ́n bá ti gba bọ́ọ̀lù, kó dé ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn méjì iwájú kí ẹ tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin tán; tí kò bá dé, ẹ gbé bọ́ọ̀lù fún àwọn mẹ́jọ kejì. Ẹ ní kí sitiráíkà yín dúró sí àárín sẹ́ńtà-báàkì àti fúlúbáàkì wọn, ní apá tí bọ́ọ̀lù ò sí.