Ẹ̀rọ gba iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi, ṣé kí n kó ọjà mi kúrò?

Ìbéèrè: Mo ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ kan ní Àgbárá. Láti ìgbà tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ tó ń di ọjà sí páálí, àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ mi kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n ní tó bá yá, ẹ̀rọ yìí máa mú owó pọ̀ nílùú. Ṣé kí n dúró?

Ìdáhùn: Ìyá mi, ẹ má dúró de owó yẹn lẹ́nu géètì. Owó tí wọn kò san fún òṣìṣẹ́ mọ́ kò sọnù o, ọ̀nà ibòmíràn ló gbà. Tí owó oṣù bá dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ kékeré, àdúgbò ló ń ná an sí: oúnjẹ ọ̀sán, owó ọkọ̀, owó iléèwé ọmọ. Ẹ̀rọ kì í jẹ ìrẹsì. Gbèsè tí wọ́n fi rà á ni wọ́n máa kọ́kọ́ san, wọ́n á ra ẹ̀yà ara rẹ̀ láti òkè òkun, ìyókù á di èrè olówó.

Àwọn tó ń sọ pé owó máa pọ̀ kò parọ́, wọn ò kàn sọ ọ́ tán ni. Láàárín 1913 sí 1914, ní Highland Park ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Henry Ford sọ títo ṣáásì mọ́tò, tó ń gbà ju wákàtí 12 lọ, di ìṣẹ́jú 93. Mọ́tò tí wọ́n ń tà ní dọ́là 850 ní 1908 kò tó 300 mọ́ ní 1925. Ṣùgbọ́n ní 1914, Ford sọ owó ojúmọ́ di dọ́là 5, bí ìlọ́po méjì èyí tó ń san, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ ń já iṣẹ́ sílẹ̀ ṣáá. Ibẹ̀ ni owó ti kan ọwọ́ wọn. Tí ẹ̀rọ bá dé, tí owó oṣù ò gbéra, ọjà á pọ̀, ẹni tó máa rà á ló máa wọ́n.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì ka iye àwo tí ẹ ń tà lóòjọ́, kí ẹ sì wo àwọn tó kù dáadáa. Tí ọjà bá ń jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, awakọ̀ tírélà ló máa pọ̀ sí i. Ibi tí wọ́n ń páàkì sí ni kí ẹ gbé ìkòkò lọ. Ẹ má tíì fi owó àjọ ra ohunkóhun. Èyí tó nira fún mi láti sọ ni ti àwìn: ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má tà fún un kọjá iye tí ẹ lè fi ta á lọ́rẹ.