Èsì: Brazil, Rio àbí Salvador?

Àbúrò mi, o ní Rio ni àbí Salvador lo máa kọ́kọ́ lọ. Salvador jàre! Ìwọ ọmọ Àgbádárìgì tó o bá débẹ̀ tó o rí àwọn ìyá aláṣọ funfun tí wọ́n ń din àkàrà nínú epo pupa lẹ́bàá títì, acarajé ni wọ́n ń pè é, wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á kó edé gbígbẹ àti vatapá sí i, ìyẹn ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì, àgbọn àti edé sè, kó o ní kí wọ́n fata sí i dáadáa o. Tó bá bọ́ sí February 2, ọdún Yemọja nìyẹn, lọ sí Rio Vermelho, àdúgbò kan etí òkun ní Salvador níbẹ̀, wàá rí èrò tó ń gbé òdòdó lọ sínú òkun. Tó o bá fẹ́ wo Iguaçu, omi ńlá tó ń já bọ́ láti orí àpáta, bàálù ni kó o wọ̀, má jókòó sínú bọ́ọ̀sì, ilẹ̀ Brazil ti tóbi jù.