A ò ṣègbéyàwó, a ti pínyà: báwo la ṣe máa kọ àdéhùn lórí àwọn ọmọ?

ÌBÉÈRÈ: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún méje lèmi àti bàbá àwọn ọmọ mi fi jọ gbé n'Íkòròdú, mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nìkan la ṣe, a ò ṣèdána, a ò lọ kóòtù. Ọmọ méjì la bí, ọ̀kan ti pé ọdún mẹ́fà, ìkejì pé mẹ́ta. A ti pínyà, a ò jà mọ́, ṣùgbọ́n ìyá bàbá wọn ń sọ pé bàbá ló lọmọ, kí n kó wọn wá tí àgbà bá ti pé méje. Bàbá wọn fúnra ẹ̀ ló ní lórí WhatsApp pé ká kọ nǹkan sílẹ̀ ká jọ sáìn. Ṣé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lágbára? Kí la máa kọ síbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrójú, ìyá ọlọ́mọ. Inú mi dùn pé bàbá wọn ló mú ọ̀rọ̀ ìwé wá, torí ọ̀pọ̀ tó ń wá bá mi, àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ti kọ́kọ́ lọ, ọlọ́pàá ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pín ọmọ.

Ká tètè gbé ọ̀rọ̀ màmá kúrò nílẹ̀. Mi ò ní bá màmá jà, àṣà ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n kóòtù Èkó ò ní fìyẹn dájọ́. Láti 2007 l'Ékòó ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tiẹ̀, tí wọ́n fi ti ìjọba àpapọ̀ ọdún 2003 ṣe àwòkọ́ṣe, ohun tó máa ṣe ọmọ láǹfààní ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Bàbá tí ò tíì fẹ́ ìyá ọmọ nígbà tí wọ́n bímọ, ọ̀nà méjì ló ní: kó lọ bẹ kóòtù pé kí wọ́n fún òun lẹ́tọ̀ọ́ òbí, tàbí kí òun àtìyá jọ ṣàdéhùn. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yìí, òfin ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Tẹ́nì kan bá sì pe àwọn ọmọ yẹn lọ́mọ àlè, ẹ sọ fún un pé abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní wọn ò gbọ́dọ̀ torí bí wọ́n ṣe bí èèyàn fìyà jẹ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí dáadáa o, ṣé wọn ò gba owó orí lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yẹn? Tí wọ́n bá gbà á, ó lè di ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ọ̀rọ̀ á wá gba ibòmíì, ẹ má fi pamọ́ fún lọ́yà yín.

Ìwé wá kù. Ọ̀rọ̀ tó máa ń ba ìwé yìí jẹ́ jù ni "bó bá ṣe rọrùn". Àwọn kan mú tiwọn wá bá mi, wọ́n kọ ọ́ pé bàbá á máa wá wọmọ bó bá ṣe rọrùn, á máa fowó ránṣẹ́ bágbára ẹ̀ bá ṣe mọ. Ó rọ bàbá lọ́rùn lálẹ́ ọjọ́ Sunday, aago mẹ́sàn-án, ọmọ ti sùn, ìyá ò ṣílẹ̀kùn, bí wọ́n ṣe tún bẹ̀rẹ̀ ìjà nìyẹn. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ aago, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti máa pàdé. Bíi kẹ́ ẹ kọ ọ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, Saturday aago mẹ́wàá àárọ̀, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kó dá wọn padà Sunday aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí kò bá lè wá kó pè lọ́jọ́ Thursday. Ẹni tó lè wá gbé wọn dípò ẹ̀ ńkọ́? Ẹ kọ orúkọ onítọ̀hún síbẹ̀.

Owó iléèwé, kó máa san án tààrà sí àkáǹtì iléèwé, kò yẹ kó gba ọwọ́ yín kọjá. Owó oúnjẹ, ẹ kọ iye àti ọjọ́ tó máa wọlé lóṣù, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ pé ẹ máa tún iye yẹn wò ní gbogbo oṣù kẹsàn-án, torí owó tó ra àpò ìrẹsì kan lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè rà á mọ́. Ẹ kọ ta ló ń sanwó ọsibítù, àti pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ọmọ kúrò ní Nàìjíríà láìjẹ́ pé ẹnì kejì fọwọ́ sí i.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: tí owó oúnjẹ ò bá wọlé, ẹ má torí ẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ bàbá. Òun náà ò gbọ́dọ̀ dáwó dúró torí pé ẹ bínú sí i. Owó lọ́tọ̀, ojú bàbá lọ́tọ̀, ọmọ ló ni méjèèjì.

Agbára ìwé ńkọ́? Èyí tẹ́ ẹ sáìn ní pálọ̀, ẹ̀rí lásán ni. Ẹ gbé e lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó, ibi tí wọ́n ti ń báni parí aáwọ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á bá yín jókòó. Lẹ́yìn náà kí lọ́yà bá yín gbé e lọ sí Family Court, ìyẹn kóòtù tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ, ó wà ní kóòtù májísíréètì, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ di àṣẹ kóòtù, ìgbà yẹn ni ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ á rójú adájọ́. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ọjọ́ìbí àwọn ọmọ àti rìsíìtì iléèwé, kẹ́ ẹ má sì tíì pa mẹ́sẹ́ẹ̀jì WhatsApp tó ti ní kẹ́ ẹ kọ nǹkan sílẹ̀ rẹ́.