Ìtìjú Ló Gbé Ṣúgà Mi Pamọ́ fún Ọdún Mẹ́ta

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ kí n tó jókòó dáhùn. O ní dókítà rẹ ní Maryland wọ̀n ọ́, o jẹ́ kílò 108, A1c rẹ, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí ṣúgà ṣe rí lára láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, sì jẹ́ 6.1, ó wá ní kí o dín ara kù kí ó má baà di àtọ̀gbẹ. O ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sọ pé kí o má dá a lóhùn, nítorí pé àwọn tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ẹni tó sanra ní Amẹ́ríkà ti là á yé gbogbo ayé pé ìwọ̀n ara kọ́ ni ìlera, àti pé kí o gba ara rẹ bí Ọlọ́run ṣe dá a. O béèrè pé ta ni kí o gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Èmi ti gbọ́ ti àwọn méjèèjì rí, ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí èyí tí kò ná mi ní nǹkan nínú wọn.

Mo pé ọmọ ọdún 51. Houston ni mo ń gbé láti ọdún 2005, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní òru ni mo sì ń ṣe. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ òru rí yóò mọ bí ebi aago mẹ́ta òru ṣe máa ń rí. Ẹ̀bà tí mo gbé láti ilé ni mo máa ń jẹ nígbà náà, n ó fi ìgò mínírà kan lé e kí oorun má baà gbé mi lọ lórí àga, bí mo bá sì délé láàárọ̀, n ó tún jẹ búrẹ́dì kí n tó sùn. Láàárín ọdún mẹ́wàá, mo kúrò ní kílò 82, mo di kílò 119. N kò kà á sí ìṣòro. Nígbà tí mo lọ sin bàbá mi ní Òṣogbo ní ọdún 2014, àǹtí mi kan pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Amẹ́ríkà mà gbà ọ́ o!" Nígbà tí mo ń padà bọ̀, kọ́ńdọ́kítọ̀ dáńfó kan ní Èkó ní kí n san owó èèyàn méjì tàbí kí n bọ́ sílẹ̀. Mo sọ èyí nítorí àwọn kan tí wọ́n máa ń sọ pé àwa Yorùbá kò nílò irú ìjà yìí, pé àwa fẹ́ràn obìnrin tó lára. Ẹnu tó ń yin ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ lóde ìnáwó náà ló ń pe èèyàn ní ọ̀rọ̀bọ̀ lójú títì.

Ní ọdún 2016, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ mí ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́, n ó dúró lágbedeméjì, n ó ṣe bí ẹni ń wo fóònù. Mo lọ rí dókítà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá ni òṣùwọ̀n wọn wà, nọ́ọ̀sì tó wọ̀n mí sì pe iye rẹ̀ sókè fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó de bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ mi lápá. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kún inú rẹ̀, ó já sílẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Ó tún un dè, ó tún já. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú títí ó fi parí, ó sì kọ 168 lórí 102. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó mọ̀ pé bẹ́líìtì tó bá kéré sí apá ènìyàn máa ń gbé nọ́ńbà yẹn ga ju bó ṣe rí lọ. Nígbà tí wọ́n fi èyí tó bá apá mi mu wọ̀n ọ́n níbòmíràn, 138 lórí 86 ni. Dókítà wọlé, ìwé ló ń wò. Mo sọ fún un pé ó ń rẹ̀ mí, pé nǹkan oṣù mi ń gba ọjọ́ mẹ́sàn-án, pé ikùn mi ń le. Ó ní kí n dín ara kù, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Kò fọwọ́ kan ikùn náà.

N kò padà lọ. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, n kò dé ọ̀dọ̀ dókítà kankan, bẹ́ẹ̀ mo ní ìnṣọ́ránsì, mo sì ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Tíì tí wọ́n ń polówó pé ó ń yọ́ ọ̀rá inú ni mo ń rà. Ewé tó ń súnni yàgbẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Omi ara lásán ni mo ń yà dànù, kílò méjì tó bá lọ ní ọjọ́ Ẹtì yóò ti padà dé kí ọjọ́ Ajé tó mọ́. Mo tún fi oúnjẹ du ara mi títí tí mo fi dákú níwájú arúgbó tí mo ń wẹ̀ fún.

Ẹni tó mú mi kúrò nínú èyí ni obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó sanra jù mí lọ, tí kì í sì í fi ara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2019, ó mú mi lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin bíi tirẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ìjà yìí. New York ni William Fabrey, ọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ kò sanra, ti dá NAAFA, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tó sanra, sílẹ̀ ní ọdún 1969, nítorí pé ojú tí ayé fi ń wo ìyàwó rẹ̀ tó sanra bí i nínú. Ní ọdún 1973, àwọn obìnrin kan ní Los Angeles gbé ìwé ìkéde jáde pé ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni àwọn ń bèèrè fún. Ìpínlẹ̀ Michigan ti fi ìwọ̀n ara sínú òfin tó ka ẹ̀tanú léèwọ̀ láti ọdún 1976, ìlú New York sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2023. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọmọdé orí Instagram ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọn kò gbani sí, àga tó ń fúnni nínú ọkọ̀ òfúrufú àti dókítà tí kì í fọwọ́ kan aláìsàn ló bí i.

Gbólóhùn kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ mi níbẹ̀ ló dá ẹ̀mí mi sí. Wọ́n ní bí dókítà bá ti sọ pé "dín ara kù" láìṣe àyẹ̀wò, kí n fara balẹ̀ bi í pé: "Bí ẹni tín-ín-rín bá gbé ẹjọ́ yìí wá bá yín, kí ni ẹ ó ṣe fún un?" Mo bi dókítà mìíràn, obìnrin ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun yóò ṣe sikáànù, òun yóò sì gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí èsì dé, fibroid mẹ́rin, ìyẹn kókó ẹran, ló wà nínú ilé ọmọ mi, èyí tó tóbi jù nínú wọn tó ọsàn ńlá. Ìwọ̀n èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ mi (hemoglobin), tó yẹ kó tó 12, kò ju 7.8 lọ. Ohun tó ń rẹ̀ mí nìyẹn, òun náà ló ń le nínú ikùn tí wọ́n pè ní ọ̀rá. Ṣúgà mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó fi ohunkóhun kan ẹnu, jẹ́ 214, bẹ́ẹ̀ láti 126 ni wọ́n ti ń pè é ní àtọ̀gbẹ. Ó ti wà lára mi tipẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀, nítorí pé ojú ń tì mí láti gun òṣùwọ̀n.

Wọ́n yọ àwọn fibroid náà. Ó wá ku ṣúgà. Ibẹ̀ ni èmi àti àwọn obìnrin náà ti yà. Mo fẹ́ kí o mọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́ dáadáa kí o tó sọ pé wọ́n jẹ̀bi. Wọ́n ní BMI tí dókítà ń kà síni létí, ìyẹn kílò tí a pín pẹ̀lú gíga ní ìlọ́po ara rẹ̀, ọ̀dọ̀ Adolphe Quetelet ló ti wá, onímọ̀ ìṣirò ará Belgium tó ń wá bí àwọn èèyàn Yúróòpù ṣe rí lápapọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1832, tí kò sì tọ́jú aláìsàn kankan. Òótọ́ ni. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà fúnra wọn sọ ní ọdún 2023 pé kò yẹ kí a máa fi BMI nìkan ṣe ìdájọ́ aláìsàn. Àwọn obìnrin náà tún ní ọ̀pọ̀ ẹni tó fi oúnjẹ du ara rẹ̀ ló máa ń padà sanra. Òótọ́ ni èyí náà, ara mi sì jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde ní ìpàdé, tí mo ní mo fẹ́ dín kílò mi kù nítorí àtọ̀gbẹ, ilé dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo ti lọ dara pọ̀ mọ́. Mo dá a lóhùn pé màmá màmá mi fọ́jú kó tó kú, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Kò fèsì. N kò bá ẹnikẹ́ni jà níbẹ̀, mo sì ṣì ń pe ọ̀rẹ́ mi tó mú mi lọ, ṣùgbọ́n n kò lọ sí ìpàdé náà mọ́.

Ní ọdún 2022, dókítà kọ semaglutide fún mi, abẹ́rẹ́ tó ń dín ṣúgà àti ebi kù, tí a ń gún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Èébì ni mo fi oṣù àkọ́kọ́ bì. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, aago mẹ́ta òru lù, ó tún di mẹ́rin, mo sì rí i pé n kò tíì ṣí abọ́ oúnjẹ mi. Mo gbé abọ́ náà lé itan, mo ń wò ó, omi ń bọ́ lójú mi, nítorí pé láti ọdún gbọọrọ ni mo ti gbà pé ọ̀kánjúwà ni mí, pé n kò lè kó ara mi ní ìjánu. Ẹni tó bá ń pe àwọn tó sanra ní ọ̀lẹ, irú òru yẹn ni kó lọ rò.

Mo sọ̀ dé kílò 99. Mo lọ sílé bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2023, inú ọkọ̀ láti Èkó ni mo ti ń ro bí wọn yóò ṣe pàtẹ́wọ́. Màmá mi di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń wo ẹran lọ́jà, ó ní, "Kí ni wọ́n ń tọ́jú lára rẹ tí o kò sọ fún mi?" N kò lè rí i bá wí. Lójú tirẹ̀, ẹni tó rù ń ṣàìsàn ni, owó sì ti ń tán lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi èsì ṣúgà hàn án lórí fóònù, kò gbà.

Ní ọdún 2024, mo pààrọ̀ ibi iṣẹ́, ìnṣọ́ránsì tuntun sì kọ̀ láti san owó abẹ́rẹ́ náà. Kílò mẹ́fà ti padà, mo sì mọ ìdí rẹ̀: nígbà tí wọ́n tọpa àwọn tó dá oògùn yìí dúró nínú ìwádìí, láàárín ọdún kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó lọ ló ti padà sí wọn lára. Kílò 105 ni mo jẹ́ lónìí. BMI mi ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40, ẹni tó bá rí mi lójú ọ̀nà yóò pè mí ní obìnrin tó sanra, kò sì parọ́. A1c mi jẹ́ 6.8, mo ń lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ kò sì dá mi dúró mọ́.

Tìrẹ fúyẹ́ ju tèmi lọ. A1c 6.1 kò tíì di àtọ̀gbẹ, láti 6.5 ni. Ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà fún irú ẹni bíi tìrẹ gan-an, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2002. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni di lẹ́pa. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n dín ìdá 7 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa rìn kánkán tàbí ṣe irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ìyẹn dín iye àwọn tó di alátọ̀gbẹ kù ní ìdá 58 nínú 100 ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn tí wọ́n kàn fún ní oògùn àfiṣe tí kò ní agbára kankan nínú. Bí o bá ṣírò rẹ̀ fún kílò 108, ó lé díẹ̀ ní kílò 7 àti ààbọ̀. Yóò ṣì jẹ́ pé ara rẹ ni, aṣọ ẹbí rẹ yóò sì ṣì máa gba ọ̀pá márùn-ún. Lọ́dọ̀ tèmi, mínírà ni mo kọ́kọ́ pa tì, mo wá gé ẹ̀bà sí ìlàjì, mo fi ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà dí àyè rẹ̀, mo sì máa ń yí ọgbà ibi iṣẹ́ ká lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wakọ̀ lọ sílé láàárọ̀. Má ra tíì.

Padà lọ sọ́dọ̀ dókítà náà. Bí ó bá bá ọ sọ̀rọ̀ bí èèyàn, bá a ṣe é. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wá ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n má ṣe jókòó sílé bí mo ti ṣe. Kí o sì wo bẹ́líìtì tí wọ́n bá fẹ́ dè mọ́ ọ lápá. Bí ó bá fún ọ, sọ pé kí wọ́n lọ mú ńlá wá kí wọ́n tó wọ̀n ọ́. Èmi ra tèmi, inú báàgì mi ló máa ń wà, mo sì ti yọ ọ́ síta níwájú nọ́ọ̀sì mẹ́ta.