Ṣé ẹ̀jẹ̀ tó ya sínú ọpọlọ ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé lè gbẹ fúnra ẹ̀?

Ó lè gbẹ o. Àǹtí tó bèèrè láti Òkè-Fìà l'Óṣogbo, ẹ ní ọ̀sẹ̀ 29 ni àbúrò yín bímọ, skáànù wá ní grade 2 (ìpele kejì nínú mẹ́rin tí wọ́n fi ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó). Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ le, ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ ni ara ọmọ máa ń fà mu. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò omi inú ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ṣì tín-ín-rín gan-an tí oyún ò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ 32 kí wọ́n tó bí i, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá kàn ń lọ sókè sódò ó lè bẹ́, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí ló sì máa ń ṣẹlẹ̀ jù, torí náà kẹ́nikẹ́ni má sọ pé ìyá ọmọ ló gbé e já (ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ jọ̀ọ́!). Grade 3 àti 4 ló ń kọ èèyàn lóminú, omi lè kóra jọ sórí ọmọ tàbí kí ẹsẹ̀ má jẹ́ kó rìn dáadáa tó bá yá, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Kí wọ́n tún skáànù ṣe láti àwùjẹ̀, kí wọ́n sì máa wọn orí ẹ̀. Lọ́jọ́ iwájú, tí ọmọ míì bá fẹ́ wá kí oṣù ẹ̀ tó pé, abẹ́rẹ́ steroid tí wọ́n bá gún ìyá kó tó bí máa ń dín ewu yìí kù.