Ṣé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún mi kò ní fa mùdùnmúdùn eegun mi gbẹ?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Tákíè ni mò ń gbé, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àbúrò mi ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ara èmi àti òun bára mu. Wọ́n ní àwọn ò ní gún mi léegun. Abẹ́rẹ́ G-CSF ni wọn yóò máa fún mi fún bí ọjọ́ márùn-ún, kí wọ́n tó gba sẹ́ẹ̀lì látinú ẹ̀jẹ̀ apá mi. Báwo ni ohun tó wà nínú eegun ṣe ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀? Ṣé tèmi kò ní tán?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò. Tiyín kò ní tán: díẹ̀ ni wọn yóò mú, èyí tó kù á sì tún máa bí sí i.

Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá, àwọn tó ń bí sẹ́ẹ̀lì pupa, funfun àti èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Wọn kì í dá gbé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn yí wọn ká nínú mùdùnmúdùn, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpójẹ̀ tín-ín-rín. Alágbàtọ́ ni mo máa ń pè wọ́n. Ní 1978 ni Ray Schofield, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ti dábàá pé ibùgbé yìí ló ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ máa jẹ́ ìpìlẹ̀ lọ.

Purotéènì ni alágbàtọ́ fi ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní SCF ń dá ẹ̀mí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ sí, CXCL12 sì ń dì wọ́n mú sójú kan. Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù ni ti eku oríṣi méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tó. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ti àkọ́kọ́ kò lè gba SCF dáadáa. Alágbàtọ́ ti èkejì ni kò lè pèsè rẹ̀ bó ti yẹ. Tí wọ́n bá fún àwọn méjèèjì ní mùdùnmúdùn eku tó yá gágá, àkọ́kọ́ á sàn, èkejì kò ní sàn.

Abẹ́rẹ́ yín á mú kí CXCL12 dínkù nínú eegun. Ìdìmú á dẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á sì ṣàn wọ inú ẹ̀jẹ̀. Eegun lè máa ro yín lásìkò yẹn. Ẹ béèrè oògùn tí ẹ lè lò sí i. Ṣùgbọ́n bí ìhà òsì yín lókè ikùn bá ń dùn yín, ẹ sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀, nítorí ọlọ́ inú lè wú. Ẹ sì rí i pé wọ́n mọ jínótáìpù yín: abẹ́rẹ́ yìí léwu gan-an fún ẹni tó bá jẹ́ SS.

Ní ti àbúrò yín, inú iṣan ni wọn yóò ti fa sẹ́ẹ̀lì náà sí i lára, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa ẹ̀jẹ̀ síni lára. CXCL12 tó wà nínú eegun tirẹ̀ ni yóò pè wọ́n wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, sẹ́ẹ̀lì funfun tuntun á ti máa hàn nínú àyẹ̀wò.